Màjèsín Kọ́ Ni Ọmọ Ọdún 26

Ẹ fojú inú wo ìpàdé ìlú kan, ní ibikíbi láti Òkè-Onígbìn dé Òmù-Àrán. Wọ́n ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, akápò sì ti ròyìn pé owó kànga tí tọmọdé tàgbà dá ti tán, bẹ́ẹ̀ kànga kò tíì ní omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó ní òun fẹ́ mọ iye tí wọ́n san fún àwọn tí ó gbẹ́ kànga náà àti iye tí ó ṣẹ́kù. Kí akápò tó la ẹnu, ẹnì kan ti dáhùn láti iwájú pé, "Ta ni ó mú màjèsín wọ ibi tí àgbà gbé ń sọ̀rọ̀?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, ìpàdé sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Iye owó tí wọ́n ná, kò sí ẹni tí ó tún béèrè rẹ̀.

Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ó yẹ kí ó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba iṣẹ́ ìwé ìṣirò owó ṣe. Olùbéèrè náà lè jẹ́ ọmọ ọdún 26, kí ó ti gbéyàwó, kí ó ti bímọ, kí ó sì ti san owó kànga tirẹ̀ pé. Nígbà tí wọ́n pè é ní màjèsín, wọn kò sọ ohunkóhun nípa owó. Irọ́ ni wọ́n pa, èdè Yorùbá ni wọ́n sì pa á mọ́.

Bí wọ́n bá lò ó bí ó ti yẹ, màjèsín kì í ṣe èébú. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni. Ẹni tí ó tọ́ sí ni ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó nǹkan, tí òye rẹ̀ kò sì tíì kún, débi pé ó ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. "Màjèsín ni wọ́n, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wa ọkọ̀ lọ sójú títì." Gbólóhùn yẹn tọ̀nà. "Màjèsín ni ọmọbìnrin yẹn, kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ìwé tí ẹ ní kí ó tẹ̀ka sí." Ìyẹn náà tọ̀nà. Nínú gbólóhùn méjèèjì, àgbàlagbà ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ó ń sọ fún un pé ẹrù kan wà lọ́rùn rẹ̀, pé kò gbọdọ̀ fi ẹni tí kò tíì lè dá ara rẹ̀ ṣọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá yí ojú ọ̀rọ̀ náà padà, tí wọ́n fi na ẹni tí ó béèrè ìbéèrè, ni ó di pàṣán.

Kì í sì í ṣe pé èdè Yorùbá tòṣì ní ti ọ̀rọ̀ fún ìgbà èwe. Ìkókó wà fún ọmọ tuntun, ọmọ ọwọ́ wà fún èyí tí wọ́n ń gbé káàkiri, ògo wẹẹrẹ sì wà fún àwọn tí ń sáré kiri ojúde. Ọmọdé gba gbogbo wọn mọ́ra. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, ó di ọ̀dọ́langba. Ọ̀dọ́ gbòòrò ju ìyẹn lọ, ó gba ọkùnrin, ó gba obìnrin. Géndé àti gìrìpá ń sọ̀rọ̀ agbára apá àti ẹsẹ̀ ọkùnrin, wọn kò sọ nǹkan kan nípa ọgbọ́n. Àmì ohùn pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀: "ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó wà" ń sọ ibi tí ènìyàn wà, "ọ̀dọ́ ni ìyá rẹ̀" ń sọ pé ìyá náà kò tíì dàgbà púpọ̀. Àwọn tí ń tẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde láìfi àmì kankan sí i ń fi iṣẹ́ náà lé òǹkàwé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé Yorùbá kò so ọjọ́ orí pọ̀ mọ́ ọgbọ́n bí àwọn tí ń pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́ ti fẹ́ kí ó rí. Bí baálé ilé ẹni 60 ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ híhun, kò sí ẹ̀gàn nínú kí wọ́n sọ pé ọmọdé ni nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ti sọ ibi tí ó ti jẹ́ ọmọdé, wọn kò sọ ọ́ di ọmọdé níbi gbogbo. Bí géndé kan bá hùwà kan tí kò mọ́yán lórí, àwọn àgbà a ní "ọmọdé ló ń ṣe é," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ibà tí yóò lọ lára ènìyàn bó pẹ́ bó yá. Ẹni tí irun orí rẹ̀ sì ti funfun tán, tí ó wá ń ṣe ohun tí ògo wẹẹrẹ kò jẹ́ ṣe, èdè náà ti ní orúkọ rẹ̀ nílẹ̀ fún un: àgbàyà. Èdè tí ó dá àgbàyà sílẹ̀ kò gbà pé ewú ni òye. Ó ti rí i rí.

Ìpínlẹ̀ Kwara gan-an ní ẹ̀rí tí ó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àti pé ọmọ ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12 ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, David Bámigbóyè, ọmọ Òmù-Àrán, ni wọ́n fi ṣe gómìnà àkọ́kọ́ fún ìpínlẹ̀ tí wọ́n wá ń pè ní Kwara. Oṣù Kejìlá, ọdún 1940 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 26 ni. Gowon tí ó yàn án kò ju ẹni ọdún 31 lọ nígbà tí ó gba ìjọba ní ọdún tí ó ṣáájú. Bámigbóyè wà lórí àga náà títí di ọdún 1975. Àkókò rẹ̀ ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kwara Poly lónìí sílẹ̀, àkókò rẹ̀ náà sì ni ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Herald, méjèèjì ní ọdún 1973. Ènìyàn lè yin ìjọba ológun tàbí kí ó bú u, ó sì ní ohun púpọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n bú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìlú tí wọ́n lọ kí gómìnà náà ní Ìlọrin kò pè é ní màjèsín. Ìbọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jọ pé ìbọn tètè ń jẹ́ kí ojú ríran.

Ọdún 2019 ni ọjọ́ orí kan náà tún padà wá. Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq fi orúkọ Joana Nnazua Kolo ṣọwọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti fi ṣe kọmíṣọ́nnà. Ọmọ ọdún 26 ni, àgùnbánirọ̀ tí ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Jigawa sì ni lọ́wọ́ kan náà. Ìyànsípò náà dá awuyewuye sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan béèrè ohun tí ó ti ṣe rí. Ìbéèrè nípa ohun tí ènìyàn ti ṣe rí jẹ́ ìbéèrè gidi, kò sí ẹni tí kò yẹ kí wọ́n bi í, ìbáà jẹ́ ẹni 70 ọdún. Ó kàn jẹ́ pé wọn kì í sábà bi ẹni 70 ọdún. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹta, ọdún 2023, àwọn olùdìbò ẹkùn Ọwọ́dé/Onírè ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà dìbò yan Rukayat Shittu sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Kwara. Ọmọ ọdún 26 ni òun náà. Tirẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn méjì ìṣáájú, nítorí kì í ṣe ọ̀gágun ni ó yàn án, kì í sì í ṣe gómìnà. Àwọn tí ó tò sórí ìlà ni.

Òfin ti mọ èyí kí ẹnu ìlú tó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Not Too Young To Run. Òfin náà sọ ọjọ́ orí ẹni tí ó lè du ipò ààrẹ kalẹ̀ láti 40 ọdún sí 35. Ti ilé aṣojú-ṣòfin àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ sílẹ̀ láti 30 sí 25. Ipò gómìnà àti ilé aṣòfin àgbà kò kúrò lórí 35. Ààrẹ ṣe àwàdà lọ́jọ́ náà pé kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ du ipò òun jọ̀wọ́ dúró títí ìdìbò ọdún 2019 yóò fi kọjá. Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n ìrántí oṣù tí ó ṣáájú kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tí ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, ní London, ó ti sọ pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ni kò lọ ilé ìwé, tí wọ́n sì ń retí pé kí owó epo rọ̀bì máa bọ́ wọn láìṣe nǹkan kan. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ. Àwọn akọ̀ròyìn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe àkótán, òun sì ni ó dúró títí dòní. Àwọn tí ó gbèjà rẹ̀ ní kò sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn tí inú bí ní bí kò tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀, ó júwe rẹ̀. Àwọn náà kò purọ́.

Síbẹ̀, òfin lè sọ pé ẹni 25 ọdún tó, kí gbólóhùn kan ní ìpàdé ìlú sọ pé kò tó. Gbólóhùn náà ni yóò borí, nítorí kò sí ilé ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbé e lọ.

Ẹ wo àwọn àgùnbánirọ̀ tí ìjọba ń rán lọ sí àwọn ìlú kéékèèké ní gbogbo ọdún. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì tó ọmọ ọdún 26. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ibi tí olùkọ́ kò bá tó. Bí ọjọ́ ìdìbò bá dé, nínú wọn ni àjọ INEC ti ń mú púpọ̀ nínú àwọn tí yóò jókòó ti àpótí ìbò, tí yóò ka ìbò náà lójú gbogbo ènìyàn, tí yóò sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Baálẹ̀, àlùfáà, oníṣòwò, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn ni yóò dúró tí wọn yóò máa wo ẹnu ọmọ ọdún 23 kan kí ó kéde iye ìbò tí ẹgbẹ́ wọn ní. Lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe màjèsín. Bí ó bá lọ sí ìlú tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, tí ó ní òun fẹ́ kí wọ́n dìbò fún òun, ó lè di màjèsín kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn olóṣèlú ní tiwọn mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ wo. Òkè-Onígbìn wà nínú ẹkùn tí ń rán aṣojú kan ṣoṣo lọ sí Àbújá fún ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin: Ekiti, Ìsin, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òkè-Ẹ̀rọ̀. Fúnkẹ́ Adédoyin, tí ó ti ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ rí lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni ó wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018. Àtúndì ìbò tí wọ́n ṣe ní oṣù Kọkànlá láti fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìjì tí ó gba Kwara kan ní ọdún 2019, ìjì tí wọ́n ń pè ní Ó Tó Gẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọ̀dọ́ ni orúkọ tí ó dùn jù lẹ́nu àwọn tí ń polongo ìbò. Ọ̀dọ́ ni agbára, ọ̀dọ́ ni ọ̀la, ọ̀dọ́ ni kí ó jáde. Ẹni tí ó jáde nígbà tí wọ́n ń wá ìbò kò yẹ kí ó rọ́gọ̀ọ́ padà di màjèsín nígbà tí ó bá béèrè bí wọ́n ṣe ná owó.

Àṣìlò mìíràn tún wà, ó dojú kọ òdìkejì. Bí wọ́n ti ń fi màjèsín pe géndé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ọ̀dọ́ pe bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ní ọdún 2014, ẹni tí àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó jẹ́ ọmọ ọdún 52 ni ẹgbẹ́ òṣèlú APC fi ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹn nìkan ni ó ti ṣe irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìlú àti ti ìjọ ní ọ̀dọ́ tí ó ti ń dúró de ìgbéyàwó ọmọ. Ọdún 2021 ni PDP tó dìbò yan ẹni ọdún 25, Muhammed Kadade Suleiman, sí irú ipò bẹ́ẹ̀, ìròyìn ńlá ni ó sì jẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi ẹja sínú omi. Ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ní ọdún 2009 sọ pé ẹni ọdún 18 sí 35 ni ọ̀dọ́. Ti ọdún 2019 yí i padà sí 15 sí 29. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, èyí tí wọ́n ṣe ní Banjul ní ọdún 2006, sọ pé 15 sí 35. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ka 15 sí 24. Àwọn wọ̀nyí kò fẹnu kò, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kan 52.

Nígbà tí ẹni 52 ọdún bá jókòó sórí àga ọ̀dọ́, ibo ni ẹni 26 ọdún yóò jókòó sí? Ààyè tí ó kù nílẹ̀ fún un ni ti ọmọdé. Èyí ni ó mú kí àṣìlò méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan ń gba àga, èkejì ń ti olówó àga jáde kúrò nínú yàrá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń pa ènìyàn lára gan-an sì tún wà, níbi tí àwọn tí ń kọ ìròyìn ti ń fi màjèsín pamọ́ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Ọkùnrin kan yóò fipá bá ọmọ ọdún 13 lò pọ̀, ìròyìn yóò sì jáde pé ó "bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní àṣepọ̀". Gbólóhùn yẹn ti sọ ọmọdé di ẹni tí ó lè gbà tàbí kí ó kọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ọmọ ọdún 13 kì í ṣe ọ̀dọ́mọbìnrin nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe wúńdíá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olólùfẹ́. Ọmọdé ni. Màjèsín ni. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ tí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó lè bá a ṣe, nítorí pé bí wọ́n bá ti kọ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí àgbàlagbà, kò sì sí ibi tí yóò gbé e gbà. Ó burú kí wọ́n fi orúkọ yìí gba ẹnu ẹni 26 ọdún. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n fi í du ọmọ ọdún 13 tí ó nílò rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní gbogbo èyí ń fẹ́ ba ìbọ̀wọ̀fágbà jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpatì. Àwọn ẹni 26 ọdún kan wà tí òye wọn kò tíì tó ti ọmọ ilé ìwé, ìgboro kún fún wọn, orí ẹ̀rọ ayélujára sì kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: àgbà ti rí ogun, ó ti rí ọ̀dá, ó ti rí bí owó kànga ìṣáájú ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àkísà kò nílò kí ó bú ẹni tí kò ní. Kí ó mú un jáde ni. Kí ó sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ìṣáájú, àpáta ni wọ́n bá nísàlẹ̀, òun ni owó fi lé sí i, ìwé rẹ̀ nìyí." Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò sì dọ̀bálẹ̀ kí ó tó jókòó. Bí ohun tí ó béèrè bá sì fi hàn pé kò mọ bí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga, ọ̀nà tí ó tọ́ láti sọ ọ́ wà: ọmọdé ni nínú ọ̀rọ̀ kànga gbígbẹ́. Ìyẹn kò ní kí ó má mọ owó kà.

Ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kìíní ọdún 2001 ní Òkè-Onígbìn yóò ti pé ọmọ ọdún 26 nígbà tí ọdún 2027 bá bẹ̀rẹ̀, ọdún tí Nàìjíríà yóò tún dìbò. Òfin ti fún un ní àyè láti du ìjókòó Ìsin ní Ìlọrin, tàbí ti ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Àbújá. Ó lè jẹ́ òun ni ó dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìpàdé. Kí wọ́n bi í ní ohun tí ó mọ̀, kí wọ́n bi í ní ẹni tí ó ń fún un lówó, kí wọ́n bi í bóyá ó ti san owó kànga. Ó ti san án. Ó ṣì ń dúró kí akápò dá a lóhùn: èló ni wọ́n ná, èló ni ó kù?